Afẹ́fẹ́ Inú Ilé Wa: Kí Ẹgbẹ́ Má Yá Owó Fún Ohun Tí A Kò Ní

  

Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ti rò dáadáa kí ìpàdé ńlá tó dé. Ní oṣù tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti ìgboro Ìbàdàn wá bá ìgbìmọ̀ wa. Wọ́n wọ kóòtù funfun bíi dókítà, wọ́n gbé ẹ̀rọ kan tó ń fa eruku dání, wọ́n ní iṣẹ́ àwọn ni láti fọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ inú ilé tó ti pẹ́. Wọ́n fi àwòrán hàn wá lórí fóònù, ihò páànù kan tí eruku inú rẹ̀ nípọn bí òwú ìrọ̀rí. Wọ́n ní eruku yìí ló ń fa ikọ́ fée tí wọ́n ń pè ní ásímà, òun ló ń fa ẹ̀fọ́rí, òun ni kì í jẹ́ kí ọmọdé sùn. Ohun tí wọ́n wá ń béèrè ni pé kí ẹgbẹ́ san owó náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láti inú ẹ̀yáwó àtúnṣe ilé, kí oníkálukú wá máa san án padà lóṣooṣù. Iye tí wọ́n dá lé ilé oníyàrá mẹ́fà kan, ẹ̀rù bà wá láti tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé yìí.

Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. A kò bá wọn jà, ìlera kúkú ni oògùn ọrọ̀. Ṣùgbọ́n èrò tiwa ni pé kí ẹgbẹ́ má fi kọ́bọ̀ kan sí i. Kì í ṣe pé afẹ́fẹ́ inú ilé wa mọ́ o. Kò mọ́ rárá. Ibi tí ìdọ̀tí rẹ̀ ti ń wá ni àwọn ọmọ wọ̀nyí kò mọ̀, tàbí kó jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, wọn ò fẹ́ sọ ọ́.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí iṣẹ́ yìí ti ṣẹ̀ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ ní Houston tàbí Chicago, ẹ lè bi wọ́n. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Amẹ́ríkà, òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé fún oṣù mélòó kan lọ́dún. Ẹ̀rọ ńlá kan ló ń mú gbogbo ilé móoru. Láti ara ẹ̀rọ yìí ni wọ́n ti fi páànù ṣe ọ̀nà tóóró, ó gba inú ògiri, ó gba abẹ́ ilẹ̀ onípákó, ó gba orí àjà, títí ó fi yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ tútù ń gbà nígbà ooru. Bí ilé bá ti di arúgbó, eruku àti irun ajá á kó sínú rẹ̀, eku náà á sì fi ṣe ilé. Àwòrán tí wọ́n fi hàn wá nìyẹn. Ilé òyìnbó ni.

Àní níbẹ̀ gan-an, ìjọba wọn kò sọ pé kí gbogbo ènìyàn sáré lọ fọ̀ ọ́. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká lọ́hùn-ún, EPA, tẹ ìwé pélébé kan jáde lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 1997. Wọ́n ní kò tíì sí ẹ̀rí pé fífọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọ̀nyí ń dènà àìsàn kankan, torí pé púpọ̀ nínú eruku ibẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ara páànù ni, kì í fi bẹ́ẹ̀ jáde wá sínú yàrá. Wọ́n ní ìgbà tó yẹ kí ènìyàn fọ̀ ọ́ ni bí nǹkan dúdú bá ti hù síbẹ̀, irú èyí tó ń hù sára búrẹ́dì tó bu, tàbí bí eku àti kòkòrò bá ti gba ibẹ̀, tàbí bí eruku bá ti dí i débi pé ó ń tú sínú ilé. Dọ́là 450 sí 1,000 ni wọ́n pe owó iṣẹ́ náà fún ẹ̀rọ kan. Wọ́n wá kìlọ̀ pé kí onílé ṣọ́ra fún oníṣẹ́ tó bá ń lérí pé fífọ̀ yìí á wo àìsàn. Ẹ gbọ́ bí? Ohun tí wọ́n ní kí ará Amẹ́ríkà ṣọ́ra fún ni wọ́n gbé wá kà sí wa létí.

Ta ló wá ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ onípáànù ní Ẹ̀rúnmu? Àfi báńkì ńlá tàbí òtẹ́ẹ̀lì ní ìgboro. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá ní ẹ̀rọ amúlétutù, èyí tí wọ́n gbé kọ́ ògiri, kó ṣí iwájú rẹ̀ lóṣooṣù, kó yọ asẹ́ inú rẹ̀, kó fi omi fọ̀ ọ́, kó sá a kó gbẹ, kó dá a padà. Kò tó iṣẹ́ tí a ń yá owó fún.

Ilé tiwa ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ tirẹ̀ o. Àwọn bàbá wa tí wọ́n fi owó kòkó kọ́lé kì í ṣe òpè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ là láti iwájú ilé dé ẹ̀yìnkùlé, ilẹ̀kùn méjèèjì dojú kọ ara wọn, atẹ́gùn á wọlé níbí, á jáde lọ́hùn-ún. Wọ́n fi àlàfo sílẹ̀ láàrin orí ògiri àti páànù kí ooru lè bá ibẹ̀ lọ. Nígbà tí owó epo dé lẹ́yìn 1970, tí a bẹ̀rẹ̀ sí í fi bulọ́ọ̀kù kọ́lé, bíríkìlà ṣì ń to bulọ́ọ̀kù oníhò sókè fèrèsé, fèrèsé fúnra rẹ̀ sì jẹ́ lúfà.

Kí la wá fi ṣe é? A to àpò èlùbọ́ àti táyà ọkọ̀ dí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. A po sìmẹ́ǹtì dí bulọ́ọ̀kù oníhò nítorí ẹ̀fọn. Ọ̀dà ti lẹ lúfà pọ̀, kò ṣí mọ́. Nẹ́ẹ̀tì ojú fèrèsé tí a kàn láti ìgbà ìkọ́lé, ẹ fi ìka kan án wò, ẹ ó rí i pé ó ti di aṣọ. A wá lọ ra fáànù, fáànù sì ń yí ooru kan náà ká lórí wa. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ fọ ọ̀nà afẹ́fẹ́ ní Ẹ̀rúnmu, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀. Omi, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì àti òòlù bíríkìlà ni irinṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n eruku gan-an kọ́ ni olórí ọ̀tá. Ẹ gbójú sókè wo àjà ilé tó ti pẹ́, pàápàá lápá ilé ìdáná. Ohun tó mú un dúdú bí ìdí ìkòkò nì, èéfín igi ni, inú àyà àwọn ìyá wa ló sì ń gbà kọjá kó tó dé orí àjà. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ṣírò rẹ̀ pé èéfín ìdáná inú ilé pa ènìyàn tó mílíọ̀nù 3.2 káàkiri ayé ní 2020, tí àwọn ọmọ tí kò tó ọdún márùn-ún nínú wọn sì lé ní 237,000. Ìbàdàn wa níbí náà ni wọ́n ti wádìí ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kó aboyún 324 jọ, àwọn tó ń fi igi tàbí kẹrosíìnì dáná. Wọ́n fún apá kan ní sítóòfù tó ń lo ethanol, wọ́n jẹ́ kí apá kejì máa lo tiwọn lọ. Èsì rẹ̀ jáde ní 2017: ẹ̀jẹ̀ àwọn tó gba sítóòfù tuntun kò ga tó ti àwọn yòókù, ó sì hàn jù lára àwọn tó ti ń lo kẹrosíìnì tẹ́lẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru fún aboyún, ẹ̀yin ìyá mọ ohun tó ń dá sílẹ̀ ní yàrá ìrọbí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ń yan gàrí láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ̀yin ni ọ̀rọ̀ yìí kàn jù, kì í ṣe ilé aláṣọ fèrèsé. Ààrò kan wà tí wọ́n fi bíríkì mọ, tí ẹnu iná rẹ̀ wà lẹ́yìn ògiri, tí agbada wà nínú ilé, tí ọ̀nà èéfín sì gùn kọjá páànù. Ẹni tó ń yan gàrí kò ní rí èéfín sójú, igi tó ń jó á sì dín kù. Ẹgbẹ́ lè yá owó fún irú èyí. Èrè rẹ̀ á fara hàn nínú owó igi, kì í ṣe nínú àwòrán orí fóònù.

Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́? A ṣì ń rí àwọn tó ń gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lálẹ́ nítorí olè. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú èéfín rẹ̀ tí kò rùn, tí ojú kò rí, kì í ta ni lẹ́nu, ó sì ń pa agbo ilé lójú oorun. Kó sí ẹ̀rọ kankan tó lè fọ ìyẹn kúrò. Ẹ gbé e jìnnà sí ilé, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́lẹ̀.

Ó ku orí àjà, ibi tí àwọn ọmọ ọ̀hún fẹ́ gùn lọ. Ibẹ̀ ni ewu wà gan-an, ibẹ̀ ló sì yẹ kí á ti máa kọ iṣẹ́ wọn. Eku ló kún orí àjà wa. Ibà Lassa, tí wọ́n kọ́kọ́ mọ̀ ní ìlú Lassa ní ìpínlẹ̀ Borno ní 1969, tó sì ń yọ àwọn ará Oǹdó lẹ́nu báyìí lọ́dọọdún, ìtọ̀ àti ìgbẹ́ eku ló ń gbé e. Ẹni tó bá ń gbá ìgbẹ́ eku gbígbẹ, eruku rẹ̀ lè gba imú wọlé. Omi tí a pò mọ́ hypo ni kí ẹ fi rin ín, ẹ jẹ́ kó mu díẹ̀, kí ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ẹ tó fi àkísà kó o. Lẹ́yìn ìyẹn kí ẹ dí ihò tí eku ń gbà. Bí ihò bá ṣì wà, eku á padà kí oníṣẹ́ tó gba owó rẹ̀ tán.

Ohun kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Púpọ̀ nínú ilé tí a kọ́ ní nǹkan bí ogójì sí àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, sílíìnì wọn jẹ́ asbestos, àwọn páálí líle funfun tàbí eérú yẹn. WHO ti sọ ọ́ ní gbangba pé gbogbo irú asbestos ló lè fa àrùn jẹjẹrẹ. Bí ó bá wà lódindi níbi tó wà, tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn án, kò fi bẹ́ẹ̀ lewu. Bí a bá gún un, bí a bá gbo ó, bí a bá fi ẹ̀rọ fẹ́ ẹ, okùn tín-ín-tìn-ìn-tín inú rẹ̀ á fò sínú afẹ́fẹ́, á sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ̀rọ ìfa-eruku lásán kò lè gbá a mú, ṣe ni yóò máa tú u jáde lápá kejì. A bi àwọn ọmọkùnrin náà pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ sílíìnì asbestos yàtọ̀. Wọ́n wo ara wọn lójú.

Wọ́n tún sọ pé àwọn á fọ́n oògùn sí i lọ́fẹ̀ẹ́. A kọ ìyẹn náà. Ní 2019, NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré oògùn apakòkòrò tí gbogbo ayé mọ̀ sí Sniper nítorí bí àwọn ènìyàn ṣe ń ṣì í lò. Kí ẹnikẹ́ni má fọ́n ohun tí kò ní orúkọ lára sórí ibùsùn ọmọ wa.

A gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ lábẹ́lẹ̀, pé akọ̀wé kò fẹ́ ọ̀làjú, pé bí a bá ṣí fèrèsé, ẹ̀fọn àti olè á wọlé. Òótọ́ ni ti ẹ̀fọn, òótọ́ ni ti olè. Nẹ́ẹ̀tì tuntun àti irin ojú fèrèsé ni oògùn rẹ̀, kì í ṣe sìmẹ́ǹtì. Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá pọ̀ lọ́sàn-án, ẹ ti fèrèsé, ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò ìgbálẹ̀, kí ẹ tún ṣí i bí eruku bá rọlẹ̀. Kò sí òpè nínú ìyẹn.

Àbá tí a ó gbé síwájú ìpàdé rèé. Kí ẹ̀yáwó àtúnṣe ilé lè gba ààrò ọlọ́nà-èéfín, fèrèsé àti nẹ́ẹ̀tì, dídí ihò eku, àti yíyọ sílíìnì asbestos tó ti fọ́ láti ọwọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ní ti ìyẹn, kí wọ́n fi omi rin ín kí wọ́n tó yọ ọ́, kí wọ́n má fọ́ ọ, kí wọ́n má sì sun ún. Ní ti iṣẹ́ yòókù, bíríkìlà àti káfíńtà inú ẹgbẹ́ ni kí ó kọ́kọ́ kàn. Wọ́n wà láàrin wa, wọ́n ń san owó ìfipamọ́ wọn déédéé, ó sì dùn mọ́ wa kí owó wa máa yí láàrin ara wa.

Kí á tó dìbò, ìgbìmọ̀ yóò yan ẹni mẹ́ta láti yí ilé àwọn tó bá fẹ́ ká, kí wọ́n wo fèrèsé, ilé ìdáná àti àjà. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n dé ọ̀dọ̀ òun, kó fi orúkọ àti adúgbò rẹ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́ akápò ní ọjọ́ ìfowópamọ́ tó ń bọ̀. Kò sí owó kankan fún un.