Fínígà Ló Yẹ Kó Ṣáájú Nínú Sáláàdì Pòtétò

Ṣàṣà ni òde ìnáwó ní Èkó, Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta tí sáláàdì kì í bá ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dé inú àwo. Kábéèjì tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́, kárọ́ọ̀tì, kùkúmbà, ẹyin sísè, ẹ̀wà inú agolo àti pòtétò tí wọ́n gé kéékèèké ló sábà máa ń wà nínú rẹ̀, kíríìmù sáláàdì inú ìgò yóò sì bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Nínú gbogbo èròjà wọ̀nyí, pòtétò ni ìyà ń jẹ jù. Wọ́n bọ̀ ọ́, wọ́n jẹ́ kó tutù pátápátá, wọ́n dà á mọ́ ẹ̀fọ́, kíríìmù wá dúró lé e lórí láìwọ inú rẹ̀. Adùn kíríìmù ni ẹnu yóò kọ́kọ́ mọ̀, lẹ́yìn náà ni eyín yóò kan pòtétò tó tẹ́, tí kò ní iyọ̀, tí kò kan, tí kò sì ta.

Pòtétò kọ́ ló lẹ̀bi. Ohun tí a fi ń po sáláàdì, tí àwọn alásè ń pè ní dírẹ́sìn, ló ń sọ bí sáláàdì yóò ṣe rí lẹ́nu. Oríṣiríṣi rẹ̀ ló wà káyé, oríṣi kọ̀ọ̀kan ló sì ní pòtétò tó bá a mu, ojú ọjọ́ tó bá a mu àti àsìkò tó yẹ kí a jẹ ẹ́. Nílẹ̀ olóoru bíi tiwa, fínígà àti òróró tí a dà sórí pòtétò nígbà tó ṣì gbóná ló yẹ kó jẹ́ ìpìlẹ̀. Kí kíríìmù àti máyónéèsì dúró sí àyè tiwọn.

Ọ̀dọ̀ àwọn ará Jámánì ló dára kí a ti bẹ̀rẹ̀, nítorí wọn kò ka sáláàdì pòtétò sí ohun ẹ̀gbẹ́ àwo lásán. Òun pẹ̀lú sọ́séèjì ni ọ̀pọ̀ ìdílé níbẹ̀ ń jẹ ní alẹ́ tó ṣáájú ọjọ́ Kérésìmesì. Síbẹ̀, ohùn wọn kò ṣọ̀kan lórí ohun tí wọ́n fi ń pò ó. Ní gúúsù, ní Bavaria àti ní ilẹ̀ Swabia tí ìlú Stuttgart wà, omi ẹran gbígbóná, fínígà, òróró, mọ́sítádì àti àlùbọ́sà ni wọ́n ń lò. Ní àríwá, máyónéèsì ni, pẹ̀lú ẹyin, kùkúmbà kéékèèké tí wọ́n ti rẹ sínú fínígà, àti èso ápù nígbà mìíràn. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Àwọn ará Vienna ní orílẹ̀-èdè Austria wà lẹ́yìn àwọn ará gúúsù: omi ẹran àti fínígà ni wọ́n fi ń po sáláàdì pòtétò tí wọ́n ń jẹ pẹ̀lú ẹran pẹlẹbẹ tí wọ́n fi búrẹ́dì gígún bò, tí wọ́n sì dín.

Ọ̀nà tí àwọn ará gúúsù ń gbà ṣe é ló fi ọgbọ́n inú oúnjẹ yìí hàn. Wọ́n á bọ pòtétò tèèpo-tèèpo, wọ́n á bó o nígbà tó ṣì ń rú èéfín, wọ́n á gé e pẹlẹbẹ, wọ́n á sì da omi ẹran gbígbóná tí wọ́n ti fi fínígà àti iyọ̀ sí lé e lórí. Wọ́n á fi í sílẹ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 kó fa omi náà mu. Òróró ló ń gbẹ̀yìn. Ìdí wà fún ètò yìí. Pòtétò gbígbóná máa ń fa omi sára, àmọ́ bó bá ti tutù, ara rẹ̀ á le, adùn kò sì ní ráyè wọlé mọ́. Bí òróró bá sì ṣáájú, yóò bo ara rẹ̀, kò ní jẹ́ kí fínígà àti iyọ̀ wọ inú. Bí wọ́n bá ń rò ó pọ̀, sítáàṣì tó jáde lára pòtétò á mú kí omi ẹran náà ki, yóò sì máa dán bíi kíríìmù, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹyin kankan nínú rẹ̀.

Irú pòtétò náà tún ṣe kókó. Èyí tó máa ń gbẹrẹfu bí iṣu tó jinná dára fún gígún, ṣùgbọ́n yóò fọ́ sínú sáláàdì. Èyí tí ara rẹ̀ ki, tí kì í tú, ni sáláàdì ń fẹ́. Èyí kò jìnnà sí wa. Ìpínlẹ̀ Plateau ni wọ́n ti ń gbin pòtétò jù ní Nàìjíríà, pàápàá ní agbègbè Bokkos àti Mangu, irúfẹ́ Nicola sì wà lára ohun tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń gbìn. Jámánì ni wọ́n ti mú Nicola jáde, ohun tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n mọ́ níbẹ̀ ni pé kì í fọ́ nínú sáláàdì. Pòtétò tó yẹ wà ní ọjà Mile 12 l'Ékòó. Ọ̀nà tí a ń gbà pò ó ló kù sí i.

Àwọn tó fẹ́ràn máyónéèsì ní ẹjọ́ gidi láti rò, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ. Ó ń jọ̀lọ̀ lọ́nà ọ̀fun, àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀, ó sì máa ń mú kí èròjà tó yàtọ̀ síra di ọ̀kan. Ní Moscow, Lucien Olivier tó jẹ́ ọ̀gá ilé oúnjẹ Hermitage ní àwọn ọdún 1860 ṣe sáláàdì kan tó gbayì. Èyí tí àwọn ará Rọ́ṣíà ń fi orúkọ rẹ̀ pè lónìí, tí wọn kì í fi í ṣeré nígbà ọdún tuntun, jẹ́ pòtétò, kárọ́ọ̀tì, ẹ̀wà aláwọ̀ ewé, ẹyin àti kùkúmbà kíkan nínú máyónéèsì. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, sáláàdì pòtétò tí wọ́n fi máyónéèsì, mọ́sítádì àti ẹyin ṣe níyì débi pé àwọn àlejò a máa béèrè ẹni tó ṣe é kí wọ́n tó bù ú.

Ṣùgbọ́n adùn nìkan kọ́ ló jẹ́ kí dírẹ́sìn funfun gba ayé kan. Ìgò ló gbé e kiri. Richard Hellmann, ọmọ Jámánì tó ṣí lọ sí New York, ṣí ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ níbẹ̀ ní 1905. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1912, ó ti ń ta máyónéèsì nínú ìgò. Ilé-iṣẹ́ Heinz gbé kíríìmù sáláàdì jáde fún àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì ní 1914, ọdún kan náà tí ìjọba amúnisìn da gúúsù àti àríwá Nàìjíríà pọ̀. Ní Japan, máyónéèsì Kewpie dé ọjà ní 1925. Ibi tí ìgò bá dé, ìgò ló máa ń di ìlànà. Ohun tó wá láti ilẹ̀ tútù, tí fíríìjì àti òtútù ń bá ṣọ́, dé ilẹ̀ tí oòrùn ti ń ràn, kò sì sẹ́ni tó tún bi í bóyá ó bá ibẹ̀ mu.

Máyónéèsì kì í bá ooru ṣe. Òróró tí wọ́n lù títí tó fi di ẹ̀kán tíntìntín ni, pupa ẹyin ló sì di gbogbo rẹ̀ mú. Bí ó bá kan pòtétò gbígbóná, ìdè náà á tú, òróró á sì yọ síta. Nítorí náà, ẹni tó fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ dúró kí pòtétò tutù, lẹ́yìn náà kó tọ́jú sáláàdì náà sínú òtútù títí dìgbà tí wọn yóò jẹ ẹ́. Níbi ìnáwó tí wọ́n ti dáná láti òru, tí àwọn àlejò kì yóò jẹun títí di ọ̀sán, tí iná ọba sì lè lọ nígbàkúgbà, èyí nira.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ nípa ewu tó wà níbẹ̀, torí ọ̀pọ̀ èèyàn ń di ẹ̀bi náà ru máyónéèsì nìkan. Máyónéèsì inú ìgò kan tó láti ká ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn lọ́wọ́ kò. Pòtétò gan-an ni kò kan, ọwọ́ tó gé e sì lè má mọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún 2015, níbi àjẹpọ̀ ìjọ kan ní ìlú Lancaster, ìpínlẹ̀ Ohio, ènìyàn 29 kó àrùn botulism, ẹnì kan sì kú. Sáláàdì pòtétò ni àwọn olùwádìí tọ ọ̀rọ̀ náà dé, wọ́n sì rí i pé pòtétò tí wọ́n sè sínú ìgò pamọ́ nílé, láìjẹ́ kí ooru rẹ̀ tó, ló fà á. Ìlànà ìjọba Amẹ́ríkà ni pé kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ má ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, kó má sì ju wákàtí 1 lọ bí ooru bá kọjá 32°C. Ooru ọ̀sán oṣù kẹta ní Ìbàdàn a máa kọjá ìyẹn dáadáa. Òfin yìí de sáláàdì oní-fínígà náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé a lè pò ó ní lílọ́wọ́ọ́rọ́ nígbà tí àwọn àlejò ti jókòó, kí a sì jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò nílò fíríìjì kó tó dùn.

Ẹni tó bá rò pé àṣà àjèjì ni kí a fi ohun kíkan àti òróró po pòtétò, kó wo Peru, níbi tí pòtétò ti ṣẹ̀, lórí àwọn òkè Andes. Oúnjẹ ibẹ̀ kan tó ń jẹ́ causa jẹ́ pòtétò gígún tí wọ́n fi omi ọsàn wẹ́wẹ́, ata pupa rẹ́súrẹ́sú àti òróró pò. Ọsàn wẹ́wẹ́, ata àti òróró: kò sí èyí tí kò sí ní ilé ìdáná Yorùbá. Nítòsí wa, epo pupa tí wọ́n fi kánún pò títí tó fi ki ni àwọn Ìgbò fi ń po àbàchà, sáláàdì ẹ̀gẹ́ wọn. Ọwọ́ wa ti mọ iṣẹ́ yìí tẹ́lẹ̀.

Kò sì ṣòro. Fún pòtétò kílò 1, omi ẹran tó tó ìdá kan nínú mẹ́rin lítà, fínígà ṣíbí ọbẹ̀ mẹ́rin, òróró ẹ̀pà ṣíbí mẹ́rin, mọ́sítádì ṣíbí kan, àlùbọ́sà kan tí a gé wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ ti tó. Ẹni tó bá fẹ́ kó ta lè gé ata rodo sí i. Ẹni tí kò ní fínígà lè fún ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá jẹ́ pé máyónéèsì ni ọkàn ń fẹ́, tí fíríìjì sì ń ṣiṣẹ́, kí ó kọ́kọ́ wọ́n fínígà àti iyọ̀ sórí pòtétò gbígbóná, kó tutù, kí máyónéèsì tó dé. Pòtétò náà yóò ti ládùn nínú, ìwọ̀nba máyónéèsì yóò sì tó o.

Àwọn alásè yóò sọ pé àwọn àlejò kì í ka sáláàdì tí kò funfun sí sáláàdì. Àwọn alásè kan náà ló kọ́ wa ní èyí tó funfun, àwọn ló sì lè kọ́ wa ní òmíràn. Kí wọ́n po abọ́ méjì, ọ̀kan lọ́nà kọ̀ọ̀kan, níbi ìnáwó tó ń bọ̀, kí wọ́n gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, kí wọ́n sì jẹ́ kí àwọn àlejò bù fúnra wọn. Pòtétò tí àgbẹ̀ Plateau làágùn lé lórí yẹ ní pípò dáadáa, fínígà sì ni kí a fi bẹ̀rẹ̀.