Ẹni tó tẹ̀lé ọmọ wa wálé, ìwé rẹ̀ ńkọ́?

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá lónìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò, kì í sì í ṣe ti ọ̀nà tó bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ inú ilé ni, ṣùgbọ́n tí a bá wò ó dáadáa, ọ̀rọ̀ ìṣèlú náà ni. Nígbà tí ọmọ wa bá ti ìrìn àjò dé, tó mú aya tàbí ọkọ tí kì í ṣe ọmọ Bẹ̀nẹ̀ lọ́wọ́, kí ni àwa ń ṣe kí onítọ̀hún lè di ẹni tí ìjọba mọ̀? Ká sọ òótọ́, a kì í sábà ṣe nǹkan kan. A ó jẹ, a ó jó, àwọn àgbà á wúre, ó parí síbẹ̀. Lójú tiwa, ìyẹn ò tó mọ́.

Ìran arìnrìn-àjò ni wá, ojú wa sì ti rí nǹkan lójú ọ̀nà. Ní 1958, wọ́n lé àwọn ará Dahomey kúrò ní Côte d'Ivoire. Ní 1963, ó kan àwọn tó wà ní Niger. Ní 1969, ìjọba Gánà fún àjèjì tí kò ní ìwé ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí ó kó ẹrù rẹ̀, Yorùbá sì pọ̀ nínú àwọn tó kó ẹrù náà. Ní 1978, Gàbọ̀n kó àwọn èèyàn wa padà ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Ní oṣù kìíní ọdún 1983, Nàìjíríà ní kí àwọn tí kò ní ìwé máa lọ, ó sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ ní 1985. Nínú àwọn tó padà wálé nígbà wọ̀nyẹn, a rí àwọn tó mú ìyàwó ibẹ̀ wá, ọmọ lẹ́yìn, ọmọ lọ́wọ́. Ẹni tí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ìwé lé nílé oníle, ṣebí òun ló yẹ kó kọ́kọ́ rántí ìwé fún ẹni tó tẹ̀lé e wá sílé tirẹ̀?

A mọ obìnrin kan tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ láti Gàbọ̀n wá. Ọdún mẹ́rìnlá ló lò nílé ọkọ. Ó gbọ́ èdè wa, ó ń ná ọjà, ọmọ mẹ́ta ló bí. Nígbà tí ọkọ kú, ẹnikẹ́ni ò lé e. Àwọn àbúrò ọkọ ò fojú burúkú wò ó, àwọn gan-an ló ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má lọ. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ọkọ wà níbẹ̀, kò rí i gbà, torí pé kò sí acte de mariage. Owó tó wà ní báńkì, kò lè sún mọ́ ọn. Pàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ ti kú tipẹ́, kò sì ní ìwé kankan láti ọ̀dọ̀ ìjọba wa. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní Libreville, inú yàrá ló jókòó sí tó ń sunkún, nítorí ẹ̀rù ń bà á pé tí òun bá jáde, òun ò ní lè padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ òun. Ẹ wò ó o: ìfẹ́ wà, ẹbí dára, ilé wà. Ìwé nìkan ni kò sí.

Àwa tó ti jókòó sẹ́yìn tábìlì ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún mọ̀ pé òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kì í béèrè bóyá ìyá ọkọ fẹ́ràn ìyàwó. Ìwé ló ń béèrè. Òfin ẹbí orílẹ̀-èdè wa, ìyẹn loi 2002-07 tó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 2004, sọ ọ́ láìfi bò: ìgbéyàwó tí a ṣe níwájú òṣìṣẹ́ état civil nìkan ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lójú òfin. Ìdána tiwa dára, ó ń so ẹbí méjì pọ̀, ẹ má jẹ́ ká jù ú nù. Àmọ́ tó bá ku òun nìkan, lójú ìjọba, ìyàwó yẹn kì í ṣe ìyàwó, opó yẹn kì í sì í ṣe opó. Ọmọ Bẹ̀nẹ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí kò ṣe ìgbéyàwó mairie ṣì ní kàátì tirẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ilé bàbá tó lè padà sí. Àjèjì ò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ yìí fi le fún un ju ti àwọn yòókù lọ.

Àwọn kan á sọ pé, "Ìyàwó tó wá láti Ìmẹ̀kọ, ṣé àjèjì náà ni?" A gbọ́ ìbéèrè yẹn, ó sì dùn wá dọ́kàn. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé tó la ilẹ̀ wa sí méjì. Ẹnikẹ́ni ò bi Kétu léèrè. Nígbà náà, ìlú Kétu fúnra rẹ̀ ṣì wà ní ahoro, ọdún kẹta rèé tí ogun Dahomey ti fọ́ ọ. Títí dòní, ará Ìlárá kan á sùn ní Nàìjíríà, ìbátan rẹ̀ á sùn ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kan ni wá, oríkì kan ni wá. Fáìlì kan kọ́ ni wá. Tí ìyàwó láti Ìmẹ̀kọ, láti Ìṣẹ́yìn tàbí láti Ìbàdàn bá dé ọ̀dọ̀ wa, ìwé Nàìjíríà ló mú dání, tàbí kó má tilẹ̀ mú ìkankan dání.

"Ṣebí CEDEAO wà?" Ó wà. Àdéhùn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1979 fún ọmọ ilẹ̀ CEDEAO láyè láti wọ ilẹ̀ ara wọn láìgba fisa, kó sì lo ọjọ́ 90. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ọjọ́ 90 yẹn dáadáa. Oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó bá fẹ́ jókòó pẹ́ gbọ́dọ̀ gba ìwé ìgbélùú. Àdéhùn ti 1986 ló ṣàlàyé ẹ̀tọ́ yẹn. Mélòó nínú àwọn ìyàwó wa tó ti lo ogún ọdún níbí ló ní in lọ́wọ́? Àdéhùn ìjọba pẹ̀lú ìjọba sì lè yẹ̀ nígbàkigbà. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ibodè pa, ó lé lọ́dún kan kó tó ṣí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2025, Mali, Burkina Faso àti Niger jáde kúrò nínú CEDEAO pátápátá. Ẹni tó fẹ́ ìyàwó láti Niamey lábẹ́ àdéhùn àtijọ́, ṣé àdéhùn yẹn náà ló máa fi ṣe òrùlé ilé rẹ̀? Ìwé ìgbéyàwó kì í bá ibodè tì.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn ọmọbìnrin wa, torí ibẹ̀ la ti ń ṣe àìdáa jù. Tí ọmọkùnrin bá mú ìyàwó wálé láti òkèèrè, a ní ó káre. Tí ọmọbìnrin bá mú ọkọ wálé láti Abidjan, láti Èkó tàbí láti Faransé, ẹ̀rín la máa ń fi ọkùnrin náà rín. A ní ó tẹ̀lé ìyàwó wálé bí ọmọ ọ̀dọ̀. Òfin àtijọ́ ló kọ́kọ́ kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Òfin ìjẹ́-ọmọ-ìlú ti ọdún 1965 sọ obìnrin àjèjì tó fẹ́ ọkùnrin wa di ọmọ Dahomey, ṣùgbọ́n kò ṣe irú rẹ̀ fún ọkùnrin tó fẹ́ ọmọbìnrin wa. Ní 2014, Cour constitutionnelle sọ pé irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ láàárín ọkùnrin àti obìnrin lòdì sí òfin ìpilẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 2022, òfin tuntun jáde, loi 2022-32, ó sì fi ọkùnrin àti obìnrin sórí òṣùwọ̀n kan. Òfin ti yí padà. Ahọ́n wa ló kù. Ọmọbìnrin Kétu tó padà wálé pẹ̀lú ọkọ rẹ̀, ọmọ Kétu ló padà wálé. Bí a bá fi ẹ̀rín lé ọkọ rẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ la lé yẹn.

A mọ ohun tí àwọn àgbà kan ń bẹ̀rù. Wọ́n ní tí àjèjì bá ti gbàwé, yóò gba ilẹ̀ ẹbí. A ò ní pe ìbẹ̀rù yẹn ní ìranù, torí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti dá ìjà sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ ti ọkọ ló wà nínú ogún ọkọ. Ilẹ̀ tó jẹ́ ti gbogbo ẹbí, ti gbogbo ẹbí ni. Kí ẹbí tó ń bẹ̀rù yáa kọ ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní orúkọ ẹbí, dípò kí ó fi ìyàwó sínú òkùnkùn. Àti pé ta ni yóò jìyà rẹ̀ ní ìgbẹ̀yìn? Àwọn ọmọ ni. Ọmọ ẹbí náà sì ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ mìíràn wà tí àwọn èèyàn kì í fẹ́ ká dá sí, àmọ́ a ó dá sí i. Láti ìgbà tí òfin 2004 ti jáde, ìyàwó kan ṣoṣo ni mairie lè so pọ̀ mọ́ ọkùnrin kan. Ọkùnrin tó ti ṣe ìgbéyàwó ìjọba nílé, tó tún mú ẹlòmíràn bọ̀ láti ìrìn àjò, kò lè gba ìwé ìgbéyàwó fún ẹni kejì. Kí ó sọ ọ́ fún un kí obìnrin náà tó gbé ẹsẹ̀ nílé bàbá rẹ̀. Tí onítọ̀hún bá gbà bẹ́ẹ̀ tó sì wá, nǹkan mẹ́ta ni ọkùnrin náà jẹ ẹ́ ní gbèsè: ìwé ìgbélùú ní orúkọ obìnrin náà fúnra rẹ̀, ìwé ìbí fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí pẹ̀lú orúkọ bàbá lórí rẹ̀, àti pé ohunkóhun tó bá rà fún un, ilẹ̀ tàbí ilé ìtajà, kí ó kọ ọ́ sí orúkọ obìnrin náà. Ẹni tí kò bá lè ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó yáa fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ níbi tó wà.

Kí wá ni ṣíṣe? Fún àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi: òkèèrè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Kí ọkọ tàbí aya yín gba ìwé ìbí rẹ̀ níbẹ̀, àti ìwé tó fi hàn pé kò sí ìgbéyàwó mìíràn lọ́rùn rẹ̀, kí pàsípọ́ọ̀tù rẹ̀ sì wà láàyè. Tí ìwé náà bá jẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì, ẹ jẹ́ kí ògbufọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe ìgbéyàwó ìjọba níbẹ̀, ẹ má fi ìwé yẹn sínú àpótí nìkan. Ẹ mú un lọ bá kọ́ńsúlà wa, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé tiwa. Ti Nàìjíríà wà ní Èkó, kò jìnnà. Ohun tí ẹ lè fi ọ̀sẹ̀ kan rí gbà níbẹ̀ lè di iṣẹ́ ọdún kan tí ẹ bá ti dé ilé.

Fún ẹ̀yin ọba àti ìjòyè wa, ẹ̀bẹ̀ la fi bẹ̀ yín. Bí wọ́n bá mú ìyàwó tàbí ọkọ àjèjì wá kí yín, kí ẹ tó gbé obì, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa lọ sí mairie. Ìbéèrè kan láti ẹnu ọba lágbára ju ìwé ìkìlọ̀ ogún tí ìjọba lẹ̀ mọ́ ògiri. Kí akọ̀wé ààfin sì ní ìwé kan tó ń kọ orúkọ wọn sí, ọjọ́ tí wọ́n dé, ìlú tí wọ́n ti wá, àti ìwé tí wọ́n ní. Ìwé yẹn ò lè rọ́pò état civil, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ìlú mọ ẹni tó wà nínú ewu.

Fún ẹgbẹ́ wa, ohun tí a fẹ́ ni pé kí a kọ̀wé sí àwọn mairie wa, láti Kétu dé Ṣábẹ̀, kí wọ́n ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lọ́dún fún ìgbéyàwó àpapọ̀ àwọn tó ti ń gbé pọ̀ tipẹ́, kí owó rẹ̀ má sì ni wọ́n lára. Àwọn tó bá ń wá ìbò wa náà, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe sí i. Àwọn ìyàwó yìí ò lè dìbò, ṣùgbọ́n ọkọ wọn àti ọmọ wọn lè dì í.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹni tó fi ilé bàbá rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ọmọ wa ti ṣe tirẹ̀. Ó ku tiwa. Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù wo inú agbo ilé rẹ̀, kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti òkèèrè wá: ìwé rẹ ńkọ́? Tí kò bá ní, ẹ mú un lọ́wọ́, ẹ jọ lọ sí mairie.