Ọ̀bẹ Tí A Fi Kun Èèrà

Ẹni tó bá fara balẹ̀ kun èèrà, yóò rí ìfun rẹ̀. Bí a bá pa òwe yìí, sùúrù la sábà máa ń rí nínú rẹ̀. A máa ń gbójú fo ọ̀rọ̀ náà, "kun". Bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ la fi ń kun ẹran. Ọ̀bẹ tí a fi ń kun erin kò sì lè kun èèrà.

Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ni èèrà ti Albert Fert, onímọ̀ físíìsì tí wọ́n bí ní Carcassonne, nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1938. Ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yìí ni kóró tíntìntín tó ń gbé iná mànàmáná gba inú wáyà kọjá, ó sì ní ìwà kan tí wọ́n ń pè ní spin, tó mú kó dà bí òòfà kékeré: òmíràn kọjú sókè, òmíràn kọjú sísàlẹ̀. Iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé tí Fert parí lọ́dún 1970 fi hàn pé nínú irin olóòfà, ibi tí ọ̀kan ti ń kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́ ni èkejì ti lè máa kọsẹ̀. Bí a bá to ìpele irin bẹ́ẹ̀ léra, a lè fi òòfà ṣílẹ̀kùn fún iná, ká sì fi tì í.

Ọ̀bẹ ni kò sí.

Àwọn ìpele náà gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ dé nánómítà díẹ̀. Bí a bá pín mílímítà kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹyọ kan níbẹ̀ ni nánómítà. Ó tó ọdún márùndínlógún kí irú ẹ̀rọ tó lè to irú ìpele bẹ́ẹ̀ tó dé. Fert kò káwọ́ gbera ní gbogbo àkókò yẹn: ó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Orsay, ó sì ń wádìí àwọn àdàlù irin mìíràn. Lọ́dún 1986, onímọ̀ físíìsì mìíràn, Peter Grünberg, ní Jülich, nílẹ̀ Jámánì, rí i pé bí chromium bá wà láàárín ìpele irin méjì, òòfà wọn lè kọ̀yìn síra. Ẹgbẹ́ Fert bá to irin àti chromium léra lọ́pọ̀ ìgbà. Nínú òtútù líle, nígbà tí wọ́n gbé òòfà tì í, ìdènà iná já wálẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ìdajì! Orúkọ Mario Baibich, ará Brasil tó bá wọn ṣiṣẹ́, ló ṣáájú nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ́dún 1988. Grünberg náà rí ohun kan náà.

Lọ́dún 1997, ilé-iṣẹ́ IBM fi ìmọ̀ yìí sínú orí tó ń ka hard disk kọ̀ǹpútà. Lọ́dún 2007, Fert àti Grünberg jọ gba ẹ̀bùn Nobel.

Ẹ̀yin tó ń fowó sí ìwádìí, bí ọ̀dọ́ onímọ̀ kan bá wá bá yín, ẹ má kàn bi í pé ìgbà wo ni yóò parí. Ẹ bi í pé ọ̀bẹ wo ló kù tí kò ní.