Ilé Àgùdà l'Ékòó: Ẹni tó mọ iyì ilé ló ń ṣọ́ ọ

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilé tó bá lọ ni ọ̀rọ̀ náà bá mu. Ní oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2016, wọ́n wó Ilé Ọláìyá, èyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí Ilojo Bar, ní agbègbè Tinúbú l'Ékòó. Ìdílé Fernandez ló kọ́ ọ ní nǹkan bí ọdún 1855, ìjọba sì ti kéde rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè láti ọdún 1956. Odindi ọgọ́ta ọdún ni òfin fi sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, síbẹ̀ ó di àwókù.

Àwọn kan di ẹ̀bi ru ìjọba, àwọn mìíràn ní ẹbí tó ni ín ló jẹ̀bi. Ní tiwa, a rí ẹ̀bi kẹta. Àìmọye ènìyàn ló ń gba ẹ̀gbẹ́ ilé náà kọjá lójoojúmọ́ láìmọ ohun tó jẹ́. Ohun tí ará ìlú kò bá sì mọ̀, wọn kì í bá ẹnikẹ́ni jà lé e lórí.

Bẹ́ẹ̀ ohun tó yẹ ní mímọ̀ ṣì wà nílẹ̀. Àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn ènìyàn wa tó padà dé láti oko ẹrú ní Bùràsíìlì, kó iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà wálé. Ọ̀kan nínú wọn, João Baptista da Costa, ló kọ́ Mọ́sálásí Shitta-Bey tí wọ́n ṣí ní ọdún 1894. Ẹni tó bá dúró wo iwájú mọ́sálásí náà dáadáa yóò rí i pé ọnà Bùràsíìlì ló wà lára ilé ìjọsìn Mùsùlùmí.

Báwo wá ni ará ìlú yóò ṣe mọ̀? Ní London, láti ọdún 1992 ni wọ́n ti ń ya ọjọ́ sọ́tọ̀ lọ́dọọdún tí wọ́n ń ṣí ilẹ̀kùn àwọn ilé pàtàkì fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Àṣà náà ti tàn kálẹ̀, Èkó pàápàá ti gbìyànjú rẹ̀ wò. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ ní Broad Street, níbi tí Herbert Macaulay ti ṣẹ̀wọ̀n, ti di Freedom Park láti ọdún 2010. Jaekel House ní Ẹ̀búté Mẹ́ta, tí wọ́n kọ́ ní ọdún 1898, ti di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé nípa iṣẹ́ rélùwéè.

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ilé ìjọba ni wọ́n. Ọwọ́ àwọn ẹbí ni ọ̀pọ̀ ilé tó kù ní Pópó Àgùdà wà. Àlejò á wá, á ya fọ́tò, á lọ. Onílé ni yóò ṣẹ́kù sábẹ́ òrùlé tó ń jò, nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń ka owó sílẹ̀ níwájú rẹ̀. A kò lè ní kí ẹbí kan ṣoṣo máa fi àpò ara rẹ̀ tọ́jú ogún gbogbo ìlú.

Èrò wa ni pé kí àbẹ̀wò máa bọ́ ilé tí wọ́n ń bẹ̀ wò. Kí ìjọba dín owó orí ilẹ̀ kù fún irú ilé bẹ́ẹ̀, kí apá kan lára owó tí àlejò bá san sì máa lọ sí àtúnṣe rẹ̀. Kí wọ́n kọ́ àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò láti máa mú àlejò kiri, kí wọ́n sì kọ ìtàn ilé kọ̀ọ̀kan sára ògiri rẹ̀ ní èdè Yorùbá. Kí àwọn olùkọ́ náà máa kó ọmọ ilé-ìwé lọ síbẹ̀.

Òótọ́ ni pé bí ọmọdé kò bá bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Ṣùgbọ́n kò sí ọmọ tó lè gun àtẹ̀gùn ilé tí wọ́n ti wó. Kí a tètè ṣílẹ̀kùn nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà.