Iṣẹ́ Ìyanu Tí Ń Hù Bí Irúgbìn

Àwọn kan ń wí pé ìgbà iṣẹ́ ìyanu ti kọjá, nítorí wọn kò rí afọ́jú tí ojú rẹ̀ là. Ṣùgbọ́n ọkàn tí ó yípadà kò rẹlẹ̀ sí ojú tí ó là.

John Newton, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe òwò ẹrú ní etí òkun Sàró. Ní 1748 ìjì líle kọlu ọkọ̀ tí ó wọ̀. Ó ké pe Ọlọ́run, ó sì yè. Síbẹ̀ kò kọ òwò náà sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni ó tilẹ̀ di ọ̀gá ọkọ̀ ẹrú. Àìsàn ni ó mú un kúrò lójú òkun ní 1754. Ní 1764 ó di àlùfáà. Ní 1788 ó tẹ ìwé jáde, ó jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀, ó sì tú ìwà ìkà òwò náà fó. Ó gba 40 ọdún láti ọjọ́ ìjì dé ìjẹ́wọ́ gbangba.

Àgbẹ̀ kì í gbin iṣu lónìí kí ó wà á lọ́la. Kí ìjọ má ṣe sọ ìrètí nù lórí ẹni tí ìyípadà rẹ̀ ń falẹ̀. Kí ẹni tí ń jẹ́rìí má sì rò pé ọ̀rọ̀ ẹnu tó. Ẹni tí ó jẹ gbèsè, kí ó san án. Ẹni tí ó rẹ́ ọmọnìkejì jẹ, kí ó dá ohun onílé padà. Irú èso bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rí iṣẹ́ ìyanu.