Ká Tó Fi Owó Ìjọ Ra Amp Gìtá

Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá owó ohun èlò orin, àwọn akọrin wa ní Ìkòròdú àti ní Ẹ̀pẹ́ ò jẹ́ ká gbádùn. Àwọn onígìtá ní tí kì í bá ṣe Fender tàbí Marshall, àwọn ò fẹ́. Akápò ní òun rí amp kan ní Alábà, tuntun nínú páálí, owó rẹ̀ ò tó ìdajì, àmọ́ ẹnikẹ́ni ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Ẹ jẹ́ kí àwa náà sọ tiwa.

Orúkọ ńlá kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n Leo Fender yìí, rédíò ló ń tún ṣe ní California tẹ́lẹ̀. Jim Marshall, ìlù ló ń tà ní London. Nígbà tí òun àtàwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ kọ́kọ́ ṣe amp tiwọn ní 1962, Bassman tí Fender ṣe ni wọ́n wò ṣe é. Ẹ ò rí nǹkan? Ẹni tí àwọn ọmọ wa ń fi búra lónìí, iṣẹ́ ẹlòmíì ló wò ṣe tiẹ̀. Torí náà, ẹ má fi amp tí ẹ ò mọ orúkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ kí ẹ tó gbọ́ ohùn rẹ̀.

Akápò, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Àwọn amp olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n kọ 1000W gàdàgbà sí iwájú wọn. Ẹ yí i padà, ẹ wo ẹ̀yìn níbi tí wáyà iná ti wọlé. Tí wọ́n bá kọ ọ́ síbẹ̀ pé iná 60W ló ń jẹ, níbo ló ti fẹ́ rí 1000W tó máa fi kọrin láti ìbẹ̀rẹ̀ ìsìn dé òpin? Irọ́ ni. Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ wà lára àwọn tó dá owó yìí, a ò ní fi ra irọ́.

Iná gan-an ló yẹ ká máa jà lé lórí. Púpọ̀ nínú tòkunbọ̀ tó wá láti Amẹ́ríkà, iná 120V ni wọ́n ṣe é fún. Tiwa níbí, 230V sí 240V ni. Ẹ kì í bọ́ ọ́ tààrà, èéfín ló máa rú. Èyí tó wá láti Ìlú Ọba ò ní wàhálà yẹn. Ti Amẹ́ríkà ò burú, àmọ́ ẹ ka owó transformer mọ́ ọn. Pẹ̀lú bí àwọn oníná ṣe ń gbé iná wá bó ṣe wù wọ́n, stabilizer kì í ṣe ọ̀ṣọ́ rárá.

Amp tí ẹ̀ńjíníà tó wà nítòsí lè tú, tó sì lè rí ẹ̀yà rẹ̀ rà, òun làwa fẹ́. Ìdí nìyẹn tí a fi fara mọ́ tòkunbọ̀ olórúkọ tó ń lo transistor, bí irú àwọn Peavey kan, ju tuntun tí a ò mọ ẹni tó ṣe é lọ. Oní-tube, bíi ti Marshall àtijọ́, ohùn rẹ̀ dùn o, a ò ní parọ́. Ṣùgbọ́n tube a máa gbó, ẹ ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ bíi gílóòbù. Ṣọ́ọ̀ṣì Ẹ̀pẹ́ tí a ò pé ọgọ́rùn-ún níbẹ̀, kí la fẹ́ fi 100W oní-tube ṣe? Kí wọ́n tó ṣí i débi tó ti dùn, àwọn ìyá àgbà tó jókòó níwájú á ti sá jáde.

Dáfídì bọ́ ìhámọ́ra Sọ́ọ̀lù sílẹ̀. Kì í ṣe pé ìhámọ́ra ọba ò dáa, kò tíì dán an wò ni. Torí náà, ẹ̀yin tó ń lọ Alábà, kí onígìtá mú gìtá tiẹ̀ àti wáyà tiẹ̀ dání. Kó ta á fún ìṣẹ́jú 30, kó ṣí i bí ìgbà tí ìyìn bá gbóná. Orúkọ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ iwájú ò tó ẹ̀rí, torí ẹnikẹ́ni ló lè lẹ orúkọ. Ọlọ́jà tó bá ní kò sáyè àtidán an wò, ẹ kí i pé ó dàbọ̀, ẹ kọjá sí ṣọ́ọ̀bù kejì.