Ẹni Tí Ìlú Kò Fẹ́, Tí Ó sì Dárin

Ẹni tí a kò fẹ́ nílùú kì í dárin. Bí ohùn olúwarẹ̀ dùn ju ti ìbákà lọ, ta ni yóò gbè é? Òwe yìí ti pẹ́ lẹ́nu wa, n kò sì tíì rí ẹni tó ko ó lójú. Mo fẹ́ ko ó lójú lónìí. Harlem ní ìlú New York ni ẹ̀rí mi wà, lọ́dọ̀ àwọn tí ìlú kọ̀ lẹ́ẹ̀mejì: aláwọ̀ dúdú àti ọmọ Puerto Rico, tí wọ́n tún jẹ́ ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fà sí ọkùnrin bíi tirẹ̀, tàbí ẹni tí wọ́n bí lọ́kùnrin tó mọ ara rẹ̀ sí obìnrin. Àwọn wọ̀nyí dárin, gbogbo ayé sì gbè é. Síbẹ̀, ẹni tó bá rò pé gbígbè ayé ni iyì orin náà ti ṣi ìtàn náà gbọ́.

Ijó ìparadà kì í ṣe tuntun ní New York. Láti 1869 ni ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan, Hamilton Lodge, ti ń ṣe é. Nígbà tó fi di àwọn ọdún 1920, àwọn ọkùnrin tó wọ aṣọ obìnrin ni èrò ń wọ́ lọ wò níbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn. Ẹ ṣàkíyèsí o: wíwò ni wọ́n ń wò wọ́n. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, olúkúlùkù a padà sí ààyè rẹ̀, ọlọ́pàá a sì mú ọkùnrin tó bá wọ kaba lójú títì.

Ìdíje ẹwà tí wọ́n ń ṣe níbi irú ijó bẹ́ẹ̀ ní àbùkù tirẹ̀. Aláwọ̀ dúdú tó bá fẹ́ rí ojú rere àwọn adájọ́ ní láti fi àtíkè sọ ara rẹ̀ di òyìnbó. Ní 1967, wọ́n dé adé irú ìdíje bẹ́ẹ̀ lé aláwọ̀ funfun kan lórí. Crystal LaBeija, aláwọ̀ dúdú tó bá a díje, kò gbé e mì. Ó bínú jáde, ó sọ ojú abẹ níkòó pé ojúsàájú ni. Kámẹ́rà ń ká a lọ́wọ́; ó wà nínú fíìmù The Queen tó jáde ní 1968. Ẹlòmíràn ì bá bínú lọ sílé lọ sùn. Ní nǹkan bí 1972, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Lottie gbé ijó tiwọn kalẹ̀ ní Harlem, lábẹ́ orúkọ House of LaBeija, Ilé LaBeija. Crystal ni ìyá ilé.

Yorùbá kò nílò ògbufọ̀ níbí. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ tó ń wá síbi ijó yìí ni òbí ti lé jáde, tí wọ́n ń sùn káàkiri, àwọn mìíràn ní etí odò Hudson. Ìyá ilé a fún wọn lóúnjẹ, a wá ibi tí wọn yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ sí, a kọ́ wọn bí a ṣe ń rìn, bí a ṣe ń múra, bí a ṣe ń dá ẹni tó fẹ́ ṣe wọ́n níbi mọ̀ lókèèrè. Ọmọ a sì máa jẹ́ orúkọ ilé mọ́ tirẹ̀: Pepper LaBeija, Willi Ninja, Angie Xtravaganza. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n, là ń wí. Àwọn tó bí àwọn ọmọ wọ̀nyí sọ̀ wọ́n kalẹ̀. Ẹni tí kò lóyún wọn ló fọ̀já gbá wọn.

Òru ni ijó wọn, ó sì lè di òwúrọ̀. Ẹnìkan á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, á máa darí àwọn èèyàn bí alága ìdúró níbi ìdána. Adájọ́ á jókòó, ife ẹ̀yẹ á wà lórí tábìlì, ilé kọ̀ọ̀kan á sì fa ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Àwọn kan ń díje nínú ijó tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ láti ara ìwé ìròyìn oge Vogue. Àwọn mìíràn ń díje nínú realness: ta ló jọ ọ̀gá ilé-iṣẹ́ jù, pẹ̀lú kóòtù àti báàgì lọ́wọ́? Ta ló jọ sójà? Bell hooks, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, fẹ̀sùn kan irú àfarawé yìí pé ọlá àti ẹwà òyìnbó ni wọ́n ń forí balẹ̀ fún. Mo gbà fún un dé àyè kan. Ṣùgbọ́n ipò ọ̀gá tí wọ́n ń fi ṣeré yẹn, ta ni ì bá gbà wọ́n sí i lọ́sàn-án gangan? Ọkùnrin tó bá sì mọ bí a ṣe ń rìn bí ọkùnrin yòókù lè wọ ọkọ̀ ojú irin dé ilé láìsí ẹni tí yóò lù ú. Ẹ̀kọ́ ààbò wà nínú eré náà.

Éèdì dé. Ní 1981 ni àwọn dókítà kọ́kọ́ kéde rẹ̀, ó sì jà nínú àwọn ilé wọ̀nyí bí iná ọyẹ́. Hector Valle, tó dá Ilé Xtravaganza sílẹ̀ ní 1982, kú ní 1985. Angie, ìyá ilé náà, kú ní 1993. Nígbà tí àjọ Gay Men's Health Crisis fẹ́ kọ́ wọn ní ìlò kọ́ńdọ̀mù, wọn kò gba ọ̀nà ìwàásù. Wọ́n dá ilé tiwọn sílẹ̀, House of Latex, wọ́n sì ń ṣe ijó lọ́dọọdún, ìmọ̀ràn ń lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ń lọ, ìlù náà ń lọ. Agbo tó ń ṣòfò òkú ni agbo tó ń jó. Èmi kò mọ ohun mìíràn tí à ń pè ní ìrètí.

Wàyí o, gbígbè ayé. Ní 1990, Madonna gbé orin Vogue jáde, ó kárí ayé. Ọdún yẹn kan náà ni fíìmù Paris Is Burning tí Jennie Livingston ṣe nípa wọn jáde, ó gba ẹ̀bùn, ó pa owó. Nǹkan bí $55,000 ni wọ́n pín fún 13 nínú àwọn tí fíìmù náà dá lé lórí. Venus Xtravaganza, ọ̀kan nínú àwọn tí ojú òǹwòran kò lè gbàgbé níbẹ̀, kò rí fíìmù náà rárá. Wọ́n pa á ní Desemba 1988. Ta ni ọlọ́pàá gbé àwòrán òkú rẹ̀ wá bá? Angie, ìyá ilé ni. Òun ló sì ránṣẹ́ sí ẹbí. Níbẹ̀ ni mo ti bá òwe wa jà. Gbogbo ayé tó wá gbè orin Vogue lẹ́yìn náà, kò sẹ́ni nínú wọn tó dá òkú mọ̀. Elégbè tó ṣe pàtàkì ni èyí tí Crystal kọ́kọ́ kó jọ sínú yàrá kan ní Harlem, kí orin tó jáde síta.

Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òkèèrè lèyí, kó bi àwọn àgbà nípa ìgbà Hubert Ogunde, ọ̀gá òṣèré. Láàárín àwọn ọdún 1940, ẹni tí kò rí iṣẹ́ gidi ṣe ni aráàlú ń pe òṣèré; obìnrin tó bá tẹ̀ lé wọn, orúkọ tí wọ́n ń fún un kò ṣe é kọ síbí. Ogunde fẹ́ ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣèrébìnrin rẹ̀ níyàwó kí ẹgbẹ́ má baà tú. N kò ní ọ̀kan náà ni ọ̀rọ̀ méjèèjì. Ṣùgbọ́n àwa náà mọ̀ bí ẹni tí ìta kọ̀ ṣe ń sọ agbo òṣèré di agboolé.

Ní Nàìjíríà, òfin tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní Oṣù Kìíní 2014 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 10 lélẹ̀ fún ẹni tó bá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ àwọn tí ọkàn wọn ń fà sí ọkùnrin tàbí obìnrin bíi tiwọn. N kò lè pa òfin rẹ́ lójú ewé yìí. Òbí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ ẹni bá tilẹ̀ burú lójú ẹni, a kì í fi fún ẹkùn pa jẹ. Bí tìrẹ bá wá sọ ohun tí etí rẹ kò fẹ́ gbọ́ fún ọ, má ṣe tì í síta lálẹ́.

Crystal LaBeija ti kú, Pepper tó jẹ́ ìyá ilé lẹ́yìn rẹ̀ náà kú ní 2003. Ilé LaBeija ṣì wà, ọmọ tuntun sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.